Bàbá Alaago Kì í Ta Ṣẹ́ẹ̀sì Lálẹ́

Lọ́jọ́ fídáù bàbá àgbà mi, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́ di màláíkà. Ọ̀kan ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Òmíràn ní kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé. Mo ń bu omi fún àlejò, mo ń gbọ́ wọn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé háà, ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ ò bẹ̀rù òkú ni? Bàbá Alaago jà! Ó bá ìyàwó jà, ó bá àbúrò jà, ó bá fóònù jà. Ó tún bá àwọn tí kò fojú rí rí jà, àwọn tó wà ní ìlú tí ilẹ̀ wọn ń mọ́ nígbà tí tiwa ń ṣú, lórí eré kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, kó bi mí bó ṣe ń ta eré yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi náà ni mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ràímì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, Bàbá Alaago ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí aago ọwọ́ àti aago ògiri ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àpótí onígíláàsì kan, bẹ́ńṣì kan àti òrùlé páànù lọ, nísàlẹ̀ òkè Mápó. Nígbà tí mo dàgbà tó láti máa bá a jókòó, iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Ta ló tún ń gbé aago wá fún àtúnṣe nígbà tí fóònù wà lápò kálukú? Síbẹ̀, àràárọ̀ ni yóò ti agbolé wa ní Bẹyẹrunkà sọ̀kalẹ̀ wá, yóò fi awò kékeré yẹn sójú, yóò sì máa wo inú aago tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Nílé, òun ni baálé agbolé, ọkùnrin tó dàgbà jù. Ẹjọ́ tọkọtaya, ẹjọ́ yàrá, ẹjọ́ ògiri, iwájú àga rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Bó bá ti sọ ọ́, ó parí.

Kí ṣẹ́ẹ̀sì tó dé, ayò ló ń ta. Ọ̀ta gidi ni. Àwọn ará Ọ̀rányàn àti Yemetu máa ń wá pàdé rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lè sọ pé àwọn náà bá a ta á. Ẹni tí kò bá mọ ayò ta, òpè ni wọ́n ń pè é, ẹnu Bàbá sì mú lára òpè jù abẹ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹni tó gbẹ̀yìn wọn, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ, tún lọ, Bàbá dojú ọpọ́n dé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ńṣì, kò sì fà á jáde mọ́. Ó wá ń jókòó lásán. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi kò jìnnà síbẹ̀, mo ń rí i bó ṣe ń wo ọ̀nà bí ẹni ń retí àlejò. Ó dùn mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gba fóònù rẹ̀, mo fi ṣẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́ nílé ìwé girama sí i.

"Èwo lèyí?" ó bi mí.

"Ọba ni, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọba gidi ni. Ọba kì í sáré. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó ọba ni. Òun ló lágbára jù. Ibi tó bá wù ú ló lè lọ."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyàwó ọba wo ló ń jagun báyẹn? Ìyálóde nìyẹn."

Ìyálóde ló sì jẹ́ láti ọjọ́ náà. Èyí tó dà bí ilé olódi, ó pè é ní Mápó, bíi gbọ̀ngàn ńlá tó wà lórí òkè wa. Nígbà tí mo sọ fún un pé àlùfáà ni èyí tí kì í rìn tààrà, ó ní, "Àlùfáà tí kì í rìn tààrà? Mo mọ méjì ládùúgbò yìí." Àwọn kéékèèké tó tò síwájú, tí wọn kò lè ju ẹsẹ̀ kan lọ, ó pè wọ́n ní ọmọ agbolé. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ọmọ agbolé tó bá rìn, tó rìn, tó dé ìpẹ̀kun ọpọ́n lọ́hùn-ún láìkú, yóò di Ìyálóde. Bàbá na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró ná. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìbàdàn ni wọ́n ti jí eré yìí gbé! Nílùú yìí, ta ni kì í ti ìsàlẹ̀ gun àkàsọ̀ oyè?"

Bó ṣe wá ń ta á nìyẹn, bí ará Ìbàdàn. Fóònù ni yóò yan ẹni tí yóò bá a ta fún un lórí ayélujára, láti ibikíbi láyé, àsíá ìlú ẹni náà yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn yẹn a máa sáré tu ẹṣin àti àlùfáà jáde. Bàbá kò ní sáré. Yóò kó tirẹ̀ jọ sí igun kan bí ẹni ń kó odù nínú ayò, bí ọ̀ta ṣe máa ń kó ọmọ jọ sínú ilé kan títí yóò fi kún, kó tó fi gbá ọpọ́n. Ìgbà tí ẹnìkejì bá rò pé bàbá yìí ti sùn ni àwọn ọmọ agbolé rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n á so kọ́ra bí àwọn tó ń gun òkè Mápó lọ síbi ìpàdé. Ohun tó sì ń ṣe é nìyí: kò jẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn tọrẹ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹ ọ̀kan yẹn, ẹ ó fi gba ẹṣin rẹ̀."

"Ọmọ ta ni kó jẹ? Ìwọ lo bí i?"

"Bàbá, eré ni o."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Wọn kì í fi ọmọ ilé ṣe ìdẹ."

Nítorí bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló ń na Bàbá. Máàkì tí fóònù fi ń wọn ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ńṣe ni tirẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ bí omi Ògùnpa. Kò jẹ́ kó rú òun lójú. Ó ń wò, ó ń kọ́. Nígbà tó yá, máàkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, títí èmi tí mo kọ́ ọ kò fi lè bá a ta mọ́ kí n má jẹ ìyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ó na mí níwájú oníbàárà mi, ó sì ní kí oníbàárà náà má gba aṣọ lọ́wọ́ òpè.

Ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú fóònù ni pé àwọn tó ń bá a ta kì í sọ̀rọ̀. Nídìí ayò, bí ọ̀ta bá ń jẹ òpè, ó gbọ́dọ̀ bú u, òpè náà gbọ́dọ̀ wá èsì, àwọn tó dúró yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Bàbá yóò máa pariwo mọ́ fóònù láàárín Ọjà'ba: "Òpè! O ti kó sí i! Ta ló rán ẹ wá síbí?" Àwọn tó ń kọjá á yà sọ́tọ̀ fún un. Fóònù kò dáhùn. Ẹni tó ń bá a ta lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé wọ́n ń bú òun. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, yóò ní, "Ẹ̀yin bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á ní orí yín ti dàrú." Bàbá yóò ní kó fi òun sílẹ̀. "Eré tí èèyàn ò ti lè bú ẹnìkejì rẹ̀, iṣẹ́ ni."

Ìjà kejì ló burú jù. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé a kì í ta ayò lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọpọ́n di ti àwọn tó ti lọ, àwọn ló ń wá jókòó sídìí rẹ̀. Bàbá gbé òfin yẹn wọ inú fóònù. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Màgàríbì, ibi yòówù kó bá eré dé, ì báà ku ẹsẹ̀ kan kó pa ọba ẹni ẹlẹ́ni, yóò gbé fóònù sílẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Aago inú eré náà yóò máa kà lọ títí, fóònù yóò sì kéde pé Bàbá ti sọnù. Gbogbo máàkì tó fi ọ̀sán kó jọ, ìrọ̀lẹ́ á gbà á padà.

"Bàbá, èyí kì í ṣe ayò o," ni mo sọ fún un.

"Ṣé ọpọ́n ni àbí kì í ṣe ọpọ́n?"

"Ọpọ́n ni, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni yín, Bàbá. Ẹ̀yin náà gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?"

"Mi ò ní mo gbà á gbọ́. Mo ní mi ò ní í ṣe é."

Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, kò lè dìde nídìí ọpọ́n láìdágbére. Ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí ẹnìkejì han òun. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kó tó bu omi àlùwàlá, yóò fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sí àjèjì tó ń bá a ta, ní èdè Yorùbá pọ́nńbélé: *Ilẹ̀ ti ṣú níbí. Ó dàárọ̀.* Àwọn kan á fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́. Àwọn kan á bínú lọ. Mo sọ fún un pé aago ni yóò máa nà án báyìí títí ayé. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tún aago ṣe. Mi ò tíì rí èyí tó máa pàṣẹ fún mi."

Mo bá a wá irú ṣẹ́ẹ̀sì mìíràn nínú fóònù náà, èyí tó ń fún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ibẹ̀ ló ti pàdé ẹnì kan tí àsíá ìlú rẹ̀ pupa, tí kò jọ ti ibi tí a mọ̀. Ọ̀rẹ́ Alásìíá Pupa ni Bàbá ń pè é. Bí wọ́n bá ti parí ọ̀kan ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Eré yìí kò ní aago tí ń kánjú, síbẹ̀ Bàbá kò yé dágbére fún un nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, kí Bàbá tó gbé fóònù sílẹ̀, èsì wọlé. Ẹni yẹn ti kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i: *O daaro.* Áà! Bàbá sáré fi han Ìyá Àgbà, ó fi han ẹni tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e dé mọ́sáláṣí. Ojoojúmọ́ ni ẹni náà sì ń kọ ọ́ láti ìgbà yẹn. "Ẹ wò ó," Bàbá wí, "a kì í mọ ẹni tí èèyàn ń bá gbé ayé."

Àsíá mìíràn wà nínú eré náà, kékeré, funfun, nísàlẹ̀ ọpọ́n. Ẹni tó bá rí i pé òun kò lè yè é mọ́ yóò tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé mo gbà, o ti nà mí. Bàbá kórìíra àsíá yẹn bí ẹni kórìíra olè. Tí ẹnìkejì bá tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ kì í dùn pé òun borí. Yóò ní, "Ó ti sá!" Òun fúnra rẹ̀, kódà bó bá ku ọba rẹ̀ nìkan tó ń sá káàkiri, yóò máa gbé e ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi ká a mọ́. "A kì í dìde nídìí ọpọ́n tí ọmọ ṣì wà lórí rẹ̀," ló máa ń wí.

Bó ṣe ń ta á náà ló ṣe ń dá ẹjọ́. Ìyá Sìkírá ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Opó ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ agbolé wa, yàrá tí ọkọ náà fi sílẹ̀ ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Múfú, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní yàrá náà kọjú sí títì, òun fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, kí obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹnu Múfú dùn bí oyin, ọ̀pọ̀ ló sì gbè é. Bàbá gbọ́ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dákẹ́ títí, ó kó odù rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ló ní obìnrin náà kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Múfú ní, "Bàbá, torí kí ni?" Bàbá ní, "Wọn kì í fi ọmọ ilé ṣe ìdẹ."

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí mi ò fẹ́ rí.

Orí ọpọ́n ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Bàbá tó ń jà fún ọmọ agbolé kan bí ẹni ń jà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n jẹ wọ́n, kì í sì í ṣe pé ó fi wọ́n sílẹ̀, kò rí wọn ni. Ó ń wá orúkọ Mápó, ó ń pè é ní "ìyẹn". Lọ́sàn-án kan ó tẹjú mọ́ fóònù títí, ó wá gbójú sókè. "Àjọkẹ́, ta ló ń ta funfun?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

"Ṣé o ti rí i?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Má ṣe mí bí ọmọdé. Ṣé o ti rí i?"

Mo gbà fún un pé mo ti rí i. Ó ní, "Òpè kì í mọ̀ pé òpè lòun. Àwọn tó dúró yí i ká ló ń mọ̀. Tí èmi náà ò bá rí ọpọ́n mọ́, wọ́n ṣì ń gbé ẹjọ́ ènìyàn wá síwájú mi. Ọjọ́ tí mo bá di òpè, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu Lásísì. Ìwọ ni kí o sọ fún mi."

Lásísì ni Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀, ẹni tí àga baálé kàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì gba ti ara wọn láti ìgbà èwe. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"Mi ò ní kí o ṣàdúrà. Mo ní kí o ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ẹ̀gún ni ìlérí yẹn jẹ́ nínú mi. Mo ń gbé e kiri, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọjọ́ rẹ̀ má dé.

Ó dé. Múfú ló mú un dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n ojú olójúkòkòrò kì í sùn. Ó wá kí Bàbá láàárọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ yàrá náà kalẹ̀ bí ẹni pé wọn kò sọ ọ́ rí. Bàbá gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tuntun, ó ní, "Kí ló dé? Mú un." Kí oòrùn tó kanrí, ẹní Ìyá Sìkírá, ìkòkò rẹ̀ àti àpótí ọmọ rẹ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà sáré tọ Bàbá wá, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ síta?" Bàbá bínú, ó dìde.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," obìnrin náà wí, ó bú sẹ́kún.

Mi ò lè gbàgbé ojú Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Ó wo obìnrin náà, ó wo Múfú, ó wá mi kiri. Agbolé gbóná. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n fi ẹrù náà sílẹ̀ níbi tó wà, kí gbogbo ilé pàdé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Ó dúró láàárín ọgbà, ó sọ ọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́: "Ẹnu àgbà tó bá dá ẹjọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, ó ti di ẹnu ọmọdé. Lọ́la, màá sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Ìyá Sìkírá àti ọmọ rẹ̀ sùn sí yàrá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Bàbá. Ìyá Àgbà ń po ẹ̀kọ fún un. Fóònù wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan ta, ọmọ agbolé rẹ̀ ti tán, Ìyálóde rẹ̀ ti kú. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Kékeré."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i tó wọlé sí i lójú.

"Ó ti dé?"

"Ó ti dé, Bàbá. Ẹ ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ ní kí Ìyá Sìkírá máa gbé ibẹ̀. Ẹ ti gbàgbé ni."

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. "Pa ẹnu ẹ dé! Ta ló rán ẹ? Ọmọ yìí, ṣé o ya wèrè ni? Bàbá rẹ lò ń sọ̀rọ̀ sí báyìí?"

"Fi í sílẹ̀," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó wo ọpọ́n tó wà lórúnkún rẹ̀. "Àsíá yẹn. Ibo ni wọ́n ń tẹ̀?"

Mo fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ọdún tó fi ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, ilé kún. Bàbá Kékeré ti múra ìjà, ó ti ká ọwọ́ agbádá sórí èjìká. Kó tó la ẹnu, Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Lásísì, jókòó. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, má wulẹ̀ ba ẹnu ara rẹ jẹ́." Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde kúrò lórí àga, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Orí mi kò pé mọ́. Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi ni mo dìde. Ẹjọ́ méjì ló ti ẹnu mi jáde lórí ọ̀rọ̀ Ìyá Sìkírá. Èkejì, èmi kọ́ ni mo dá a, àìsàn ló dá a. Àkọ́kọ́ ni tèmi. Èyí tí mo sọ nígbà tí orí mi pé ni kí ẹ mú."

Bàbá Kékeré, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró de àga yẹn, wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà jókòó."

"Mi ò jókòó mọ́," Bàbá wí, ó sì rìn wọlé. Bàbá Kékeré ní kí Ìyá Sìkírá ṣì kó ẹrù rẹ̀ wọlé ná, àwọn yóò tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. *Ná* yẹn dún létí gbogbo wa. Múfú rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn títí di ìsinsìnyí. Láti ọjọ́ tó ti dìde lórí àga ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Kò lọ sí Ọjà'ba mọ́. Ó ń tẹ ọba bí ẹni pé ẹṣin ni, fóònù yóò kọ̀ ọ́, yóò ní fóònù ti bàjẹ́, kí n gbé e lọ fún àtúnṣe. Gbogbo àwọn tó ń bá a ta lọ, ó ku Ọ̀rẹ́ Alásìíá Pupa nìkan. Ìyá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, ògiri ni yóò dá lóhùn. Ohun tó sọ fún mi kẹ́yìn kó tó yàn mí lódì ni, "Ká ní o dákẹ́, ọkọ mi ìbá ṣì jókòó." Ṣé irọ́ ni? Ṣé òótọ́ ni? Ká ní mo dákẹ́, Bàbá Kékeré ni ìbá sọ ọ́, lójú Múfú, lójú ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń bú òpè. Mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò mú oorun wá.

Nígbà tó yá, ó gbàgbé orúkọ mi. Ohun kan ni kò gbàgbé. Bí wọ́n bá ti ń pe Màgàríbì, yóò na fóònù sí mi, ẹni yòówù kó rò pé mo jẹ́. "Bá mi kọ ọ́. Ilẹ̀ ti ṣú." Mo ń kọ ọ́, èsì á wọlé, màá kà á fún un, yóò sì mi orí.

Ó kú láàárọ̀, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ fídáù, nígbà tí àwọn tó ń sọ ọ́ di màláíkà ti jẹun lọ tán, Múfú dìde. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, òun ò fẹ́ kó pẹ́. Ìyá Sìkírá ń fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Bàbá Kékeré wà lórí àga, ó dàgbà lójú mi ju bó ṣe rí lánàá lọ.

"Múfú, ta ló dá ẹjọ́ yẹn?"

"Bàbá Alaago ni. Àwọn náà ló sì ní kí n mú un."

"Nígbà tí orí wọn pé, kí ni wọ́n wí?"

Múfú wolẹ̀.

"Mo bi ẹ́ léèrè."

"Wọ́n ní... wọ́n ní wọn kì í fi ọmọ ilé ṣe ìdẹ."

"O sì gbọ́ ọ," Bàbá Kékeré wí. "Ó ti parí. Ẹni tó bá tún gbé e wá síwájú mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló máa bá jà."

Ìyá Sìkírá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọṣẹ. Kì í ṣe Bàbá Kékeré ló kúnlẹ̀ fún, Ìyá Àgbà ni. Ìyá Àgbà gbé e dìde. Ó wá wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí síbí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àjọkẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀n, Ìyá Àgbà."

Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ fóònù Bàbá jáde. "Gbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ló ti ń dún. Mi ò mọ ohun tó ń wí."

Mo ṣí i. Ọ̀rẹ́ Alásìíá Pupa ti gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ tipẹ́, Bàbá ló kàn. Ọba kan àti ọmọ agbolé kan ló kù fún un lórí ọpọ́n. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé, ẹni náà ti kọ̀wé lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ó ti fi àmì kan sí i báyìí: *O daaro?* Ó tún kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. *O daaro?* Bẹ́ẹ̀ títí di àná.

Mi ò tẹ àsíá. Mi ò gbé ọmọ agbolé yẹn síwájú. Wọ́n ti ń pe ìrun láti mọ́sáláṣí, Ìyá Àgbà sì ń dúró tì mí kó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bí òun ṣe máa ń ṣe: *Ilẹ̀ ti ṣú níbí.*

Mo fẹ́ kọ èyí tó kù. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.